Ẹsẹ̀ Òsì Méjì

Obìnrin tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín yìí ní kí n má dárúkọ òun, mo sì ti ṣèlérí fún un. Ó ní kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí n má fi iyọ̀ sí i, kí n má sì yọ ẹ̀bi òun kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bú u, kó kà á tán ná.

Àǹtí Aláwọ ni àwọn aládùúgbò ń pè é. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bí ẹranko bá kú, yóò bó awọ rẹ̀, yóò fi oògùn pa á kó má bàa jẹrà, yóò tẹ wáyà ní egungun fún un, yóò fi òwú kún inú rẹ̀, yóò sì rán an padà. Bó bá ṣe tán, ẹ ó rò pé ẹranko náà fẹ́ sá mọ́ yín lọ́wọ́ ni. Àwọn ilé ìwé ló ń rà á jù, kí àwọn ọmọ lè rí òwìwí àti ọ̀kẹ́rẹ́ láìwọ igbó.

Yàrá kan tí kò ní fèrèsé lẹ́yìn ilé ló ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun àti fíríìsà ńlá kan tí ọkọ rẹ̀ rà fún un. Òórùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọkọ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí àlejò bá ti pẹ́ jù nílé àwọn, òun kàn máa ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìyàwó òun ni.

Ọkọ yìí ń ṣọ́ adágún ẹja fún obìnrin olówó kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màdámù. Àbúrò Aláwọ, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ló bá a wá iṣẹ́ náà, torí òun ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kò pẹ́ ni ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Lónìí adágún á kún fún ẹja, tó bá di ọ̀la, omi lásán ló kù.

Màdámù kó àwọn ẹ̀ṣọ́ jọ. "Ẹja ò ní ẹsẹ̀ tó lè fi rìn jáde," ó ní. "Ẹni tó ń kó o nínú yín, kó jẹ́wọ́. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo yín lẹ máa lọ."

Ìgbà náà ni ọkọ Aláwọ là á mọ́lẹ̀ pé: "Màdámù, kì í ṣe èèyàn o. Ẹranko ni. Mo fojú ara mi rí i. Orí ológbò ló ní, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ dà bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, ó tún wá nírù bíi ti awọ́nríwọ́n."

Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé ẹnì kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màdámù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó lọ pa ẹranko náà wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó má wulẹ̀ padà wá.

Ọkùnrin yìí délé, kò lè jẹun. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún.

"Olówó orí mi, kí ló dé?"

"Wọ́n ní mo ń parọ́. Mo rí nǹkan, mo sọ ọ́, wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà."

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má tíì pe obìnrin yìí ní òmùgọ̀. Ọkùnrin tí kì í sunkún, bó bá sunkún lójú yín, ẹ̀yin náà á gbà á gbọ́. Aláwọ gba ọkọ rẹ̀ gbọ́ pátápátá.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò rẹ̀ dé. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́, ó fi áńkáṣíìfù bo imú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí nǹkan tí mo fẹ́ sọ."

"Sọ ọ́ kó o sì máa lọ, ọwọ́ mi dí."

"Bùọ̀dá ló ń kó ẹja yẹn. Ọkọ̀ funfun kan máa ń wá dúró sẹ́yìn ọgbà, mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, kí n tó sọ fún Màdámù. Èmi ni mo mú wọn wọbẹ̀. Orúkọ mi ló máa bà jẹ́."

"Ọkọ mi ni olè?"

"Mi ò sọ pé kí ẹ bá wọn jà o, Ẹ̀gbọ́n, mo ní kí ẹ..."

"Ìwọ tí mo pọ̀n dàgbà! Ìwọ tí mo fi omi ojú wẹ̀! Jáde kúrò níbí."

Ọmọkùnrin náà jáde. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó sì lọ sọ fún Màdámù.

Inú ìbínú yẹn ni Aláwọ wà tó fi ṣí fíríìsà. Ológbò ńlá kan wà níbẹ̀ tí mọ́tò gbá. Ìrù awọ́nríwọ́n wà níbẹ̀, tó ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ kan. Pẹ́pẹ́yẹ méjì náà wà níbẹ̀. Ó wò wọ́n títí, òtútù fíríìsà ń fẹ́ sí i lójú.

Kì í ṣe irọ́, ó ń sọ fún ara rẹ̀. Ẹranko náà wà, òkú rẹ̀ nìkan ni a ò rí. Tíṣà tó ya ọkàn èèyàn sójú pátákó, ṣé ẹnikẹ́ni pè é ní òpùrọ́? Àwòrán lòun fẹ́ ṣe, kí àwọn ẹlẹ́yà lè rí ohun tí ọkọ òun rí.

Bí ìdẹwò ṣe máa ń wọlé nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Kì í kan ilẹ̀kùn pé òun ìdẹwò ló dé.

Ó ṣiṣẹ́ náà débi pé ara rẹ̀ yá gágá. Ó fa ẹnu ológbò náà sẹ́yìn, ó fi eyín ajá sí i. Àfi ẹsẹ̀ ló fún un ní wàhálà. Eku ti jẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún pẹ́pẹ́yẹ kan kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀bẹ sì ya ti èkejì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ òsì méjì ló kù. Ó rò ó síwá sẹ́yìn, ó rán wọn mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Ta ló máa wo ẹsẹ̀ nígbà tí irú eyín yẹn wà lókè? Òwú kò tó, ló bá gé apá ògbólógbòó yunifọ́ọ̀mù ọkọ rẹ̀, ó kì í bọ ikùn ẹran náà, ó rán an pa.

Ó pe ọkọ rẹ̀ wọlé.

"Ṣé bó ṣe rí nìyí?"

Ọkùnrin náà wo ẹranko, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó tún padà wo ẹranko.

"Ìrù rẹ̀ gùn ju báyìí lọ díẹ̀," ó ní.

Inú Aláwọ dùn ṣìnkìn. Ẹni tó mọ gígùn ìrù ti rí i lóòótọ́ nìyẹn! Ó tú ìrù náà, ó fi kún un. Ọkọ rẹ̀ dì mọ́ ọn.

"Ìyàwó mi, o gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú. Mi ò mọ̀ pé o lè ṣe irú èyí fún mi."

Ọpẹ́ lásán ni Aláwọ gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Wọ́n sọ fún Màdámù pé ọkọ ló pa á, pé ìyàwó ló tètè bó awọ rẹ̀ kó má bàa rà. Màdámù pariwo, ó fò sórí àga. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Màdámù ní kí wọ́n kan àpótí gíláàsì fún ẹranko náà, ó gbé e sí àárín ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì fi ọkọ Aláwọ ṣe ọ̀gá ẹ̀ṣọ́.

Àbúrò Aláwọ nìkan ni kò pariwo. "Màdámù, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u wò," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi lè rán nǹkan tí ò sí láyé."

"O fi ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ sùn pé olè ni," Màdámù dá a lóhùn. "Ọkùnrin yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá iṣẹ́ lọ nítorí rẹ. Ní báyìí, ẹ̀gbọ́n rẹ ló kàn. Bọ́ yunifọ́ọ̀mù mi sílẹ̀."

Ọmọkùnrin náà yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kàn ń wò ó ni, ó ń dúró. Aláwọ ní gbogbo ohun tí òun ní láti ṣe ni kí òun sọ pé àwòrán ni. Gíláàsì ni ó ń wò. Àbúrò rẹ̀ bọ́ ẹ̀wù, ó kó o lé tábìlì, ó sì fi síńgílẹ́ẹ̀tì rìn lọ sílé ìyá wọn.

Ìyá wọn wá bá Aláwọ nílé lọ́jọ́ kejì. "Ọmọ mi, ọmọ ìyá rẹ ni o."

"Màmá, ó pe ọkọ mi ní olè."

"Bó bá pè é, ṣé ó wá tó kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń ṣàn lára yín."

"Kó lọ bẹ ọkọ mi."

Ó ní ọ̀rọ̀ yìí ló ń dun òun jù báyìí, pé òun sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga.

Oṣù kan kọjá. Màdámù ránṣẹ́ pe Aláwọ kó wá gbọn eruku ara ẹranko náà. Ó dé ọ́fíìsì, ó bá ọkọ rẹ̀ níwájú àpótí gíláàsì, àwọn àlejò rọ̀gbà yí i ká. Ẹnu rẹ̀ ń yọ bí ọṣẹ.

"Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n," ó ń wí. "Nígbà tó yọ jáde lórí omi, mo rí ìrìn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló fi ń rìn! Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, méjèèjì ló kọjú sí ibì kan náà. Mo ká a mọ́ ilẹ̀ ẹrẹ̀, bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni mo ń wò ó."

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ Aláwọ.

Òun ló rán ẹsẹ̀ yẹn. Eku àti ọ̀bẹ ló fà á tó fi rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀dá kan ní gbogbo ayé yìí tó ń fi ẹsẹ̀ òsì méjì rìn, àfi èyí tí òun fi ọwọ́ ara òun ṣe sínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Ọkọ òun ò rí nǹkan kan lórí omi rí.

Ó gbọn eruku ẹranko náà tán, torí Màdámù ń wò ó. Lẹ́yìn náà, ó lọ sílé lọ dúró de ọkọ rẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ló máa ń fi bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ pè é ní "ìwọ".

"Ìwọ lo ń kó ẹja náà."

Ọkọ rẹ̀ bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó dáhùn. Kò bínú. Ó yà á lẹ́nu ni.

"Ṣebí o mọ̀."

"Mo mọ kí ni?"

"Pé kò sí ẹranko kankan. Ìwọ lo rán an, lo wá ń bi mí? Mo rò pé o fẹ́ bò mí láṣìírí ni. Ẹni tó bá rán odidi ẹranko fún ọkọ rẹ̀, ṣé kò mọ ìdí tó fi rán an ni?"

"Mo gbà ọ́ gbọ́!"

"Fíríìsà tó o fi ń ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ṣé owó oṣù ẹ̀ṣọ́ lo rò pé mo fi rà á?"

Aláwọ lọ sínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Fíríìsà náà ń kùn nígun yàrá. Bó bá sọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ yóò ṣẹ̀wọ̀n, àwọn méjèèjì ni yóò sì jọ lọ, torí òun náà ti parọ́ fún Màdámù. Bó bá dákẹ́, ọmọ ìyá rẹ̀ yóò máa jókòó nílé bí elékèé. Ó mú abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́.

Ọkọ rẹ̀ búra pé òun ti jáwọ́. Ó jáwọ́ lóòótọ́ fúngbà díẹ̀. Olè kì í tètè gbàgbé ọ̀nà, ẹja tún bẹ̀rẹ̀ sí í dín.

"Ìyàwó ẹranko yẹn ló kù," Màdámù ní. "Ó ń wá ọkọ rẹ̀."

Ó ra pàkúté onírin, eléyìí tó ní eyín bíi ti ayùn, wọ́n fi ewé bò ó yí gbogbo adágún ká. Ọkọ Aláwọ wà lára àwọn tó dẹ ẹ́. Ó wá sílé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Má fòyà. Èmi ni mo mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà."

Ẹ jẹ́ kí n rọra kọ ibi tó kàn yìí.

Ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Àbúrò rẹ ò gbọ́ tèmi mọ́. Ó ní òun máa lọ fara pamọ́ sí etí adágún yẹn, òun máa ya fọ́tò olè náà, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ò parọ́. Bá mi kìlọ̀ fún un."

"Màmá, ẹ sọ fún un pé..."

Ọkọ rẹ̀ wà lórí àga tó kọjú sí i. Ó kàn gbé orí sókè, ó ń wo ẹnu rẹ̀. Bó bá mẹ́nu ba pàkúté, wọ́n á bi í pé kí ló kàn án nínú pàkúté Màdámù, kí ló dé tí kò fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ rí olè.

"Ẹ sọ fún un pé kó jókòó sílé," ó ní.

"Mo ti sọ ìyẹn fún un," ìyá rẹ̀ dáhùn, ó sì pa fóònù.

Ó ní òun gbé fóònù náà dání títí. Ó ní nọ́ńbà àbúrò òun wà níbẹ̀, ìka òun wà lórí rẹ̀. Kò pè é.

Ní kùtùkùtù, bí ojú ọjọ́ ṣe ń là, pàkúté gbá ẹsẹ̀ òsì ọmọkùnrin náà mú. Wọ́n gbọ́ igbe rẹ̀ dé ojú títì. Ọkọ Aláwọ, tí òun àti àpò ẹja wà níwọ̀nba ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí i, ju àpò náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ké tantan pé: "Mo mú u o! Mo mú olè o!"

Wọ́n gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun ń ya fọ́tò ni. Fóònù rẹ̀ ti bọ́ sómi.

Màdámù pe gbogbo wọn sí ọ́fíìsì. Ọlọ́pàá kan wà níbẹ̀, ọkọ Aláwọ wà níbẹ̀ nínú yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ìyá Aláwọ wà lórí ilẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀.

"Màmá, ẹ dìde," Màdámù ní. "Àánú yín ṣe mí. Àmọ́ ẹranko tó ń jẹ ẹja mi, àna yín ti pa á, òun nìyí. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ yín ló wá ń jalè, kó lè dà bíi pé àna yín ló ń kó o. Ṣé irọ́ ni, ọ̀gá ẹ̀ṣọ́?"

"Òótọ́ ni, Màdámù," ọkọ Aláwọ dáhùn. "Ó dùn mí pé àna mi ni."

Aláwọ ní nígbà tí òun gbọ́ "àna mi" yẹn, nǹkan kan já nínú òun.

"Ẹ bá mi wá àlùmọ́gàjí," ó ní.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ ṣí àpótí yẹn. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, Màdámù. Òsì nìyí. Òsì tún nìyí. Èmi ni mo rán an. Mi ò rí ti ọ̀tún lò."

Ọkọ rẹ̀ fò dìde. "Orí rẹ̀ ti dàrú! Ìbànújẹ́ ti..."

"Apá yunifọ́ọ̀mù ọkọ mi ló wà níkùn ẹran yìí," Aláwọ ní, kò sì wo ẹ̀yìn. "Apá òsì, èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti já."

Ó ti àlùmọ́gàjí bọ abẹ́ ẹran náà, ó là á gbẹrẹrẹ. Òwú jáde. Lẹ́yìn òwú, apá ẹ̀wù búlúù kan jáde pẹ̀lú àmì oko ẹja Màdámù lára rẹ̀, kò ní bọ́tìnnì. Orí ológbò náà wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, eyín ajá sì bọ́ sórí tábìlì.

Màdámù mú aṣọ náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Bí èyí ò bá sí láyé," ó béèrè, ohùn rẹ̀ ò le mọ́, "kí ló wá ń jẹ ẹja mi?"

Ọlọ́pàá náà yíjú sí ọkọ Aláwọ. Aláwọ wá sọ gbogbo rẹ̀, ó sọ ti ọkọ̀ funfun, ó sọ ti fíríìsà. Ó sì sọ ohun tí kò sẹ́ni tó bi í, pé òun mọ̀ pé àbúrò òun ń lọ, òun sì mọ̀ pé pàkúté wà níbẹ̀. Ìgbà tó sọ ìyẹn ni ìyá rẹ̀ bo ojú.

Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n báyìí. Òun náà ń lọ sí kóòtù, kò sì mọ ibi tí yóò já sí. Àwọn ilé ìwé ò fi bẹ́ẹ̀ gbé iṣẹ́ wá mọ́. Ẹni tó bá wá pàápàá, á kọ́kọ́ fa etí ẹranko wò bóyá yóò bọ́. Ó ní òun kì í bá wọn jà.

Mo bi í pé kí ni kí n sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé. Ó ní kí n sọ fún yín pé ìfẹ́ dára, àmọ́ kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni rán irọ́, kí ẹ kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè kan tí kò rọrùn. Ó ní òun ò bi ọkọ òun ní ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ti ilé ìwòsàn fún mi.

Wọn ò rí ẹsẹ̀ ọmọ náà gbà là. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n gé e ni Aláwọ tó lọ síbẹ̀. Ìyá wọn rí i, ó dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìkí i. Ẹ̀gbọ́n kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò, àmọ́ ó kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀ yẹn tutù."

Kò dìde.

"Wọ́n ní ẹ tú u lójú gbogbo wọn."

"Mo tú u."

"Wọ́n ní ẹsẹ̀ òsì méjì lẹ rán mọ́ ọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọmọkùnrin náà wo ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí kúbùsù ti ga lápá kan, tó sì tẹ́jú lápá kejì. Látìgbà kékeré, bí nǹkan bá ti le jù fún un, ẹ̀rín ló máa ń rín, ẹ̀rín náà ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í rín.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "òkú ológbò lẹ fún ní ẹsẹ̀ òsì méjì. Èmi tí ẹ pọ̀n dàgbà, mi ò ní ẹyọ kan."

Ó na ọwọ́ sí i kó bàa lè dìde. Aláwọ ò lè di ọwọ́ náà mú. Ó gbá etí bẹ́ẹ̀dì mú, ó sì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi wọlé.